Nígbà Tí Rédíò Dákẹ́

Bí ẹ bá ń wá ibi tí wọ́n ti mọ irun gẹ̀ dáadáa ládùúgbò yẹn, ó kéré tán, ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló wà tó sàn ju ti Rédíò lọ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà sì mọ̀. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lèrò ń wọ́ lọ. Ẹni tí irun rẹ̀ kò tíì hù padà láti èyí tó gẹ̀ kẹ́yìn á wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, á ní òun kàn ní kí òun sinmi ẹsẹ̀ díẹ̀ ni. Irọ́ ni. Ẹnu Rédíò ló wá gbọ́.

Onígbàjámọ̀ ni, ọkùnrin gíga tí èjìká rẹ̀ ti ń tẹ̀ díẹ̀, tó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún. Bó bá ti ta aṣọ funfun bo oníbàárà láyà, tó so ó mọ́ ọn lọ́rùn báyìí, ẹnu rẹ̀ á ṣí, kò sì ní í pa dé títí wọ́n á fi ti ṣọ́ọ̀bù. Á fi ohùn ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, á fi ti dókítà sọ̀rọ̀, á fi ti ìyá arúgbó tó ń bá ajá rẹ̀ jà sọ̀rọ̀, ajá náà á sì fèsì. Ó ní ìtàn ọkùnrin kan tó wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ méjèèjì lọ wáṣẹ́, tí wọ́n sì gbà á nítorí pé ọ̀gá ibẹ̀ rò pé àṣà ìmúra tuntun ni. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì á di ikùn mú, omi á máa bọ́ lójú wọn, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàánú àwọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Rédíò. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn tó mọ èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò pé mẹ́wàá mọ́.

Ohun tí àwọn oníbàárà mọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kì í sọ ni pé rédíò náà ń jẹ bátìrì. Lẹ́yìn agolo pọ́dà, níbi tí dígí ti fara ti ògiri, ìgò pẹlẹbẹ kan wà. Rédíò á ní òun ń wá òòyà, á tẹ̀ ba, á gbé e kọ́ fìrì, á nu ẹnu, á padà wá máa bá ìtàn lọ láti ibi tó dé. Láàárọ̀, kó tó ṣílẹ̀kùn, ó ti gbọ́dọ̀ mu ún, torí bí kò bá mu ún, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n bí ewé, ta ni yóò sì gbé orí fún onígbàjámọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n?

Ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ní ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí àbàwọ́n tí kò lè fi imú dá mọ̀. Kó tó fẹ́ ẹ ló ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kì í lù ú, kì í sùn síta, ó sì ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó mọ àwọn obìnrin tí ọkọ wọn kì í fẹnu kan ọtí, tí ọkọ náà kì í sì í sọ ju "kí ni a ó jẹ" láti àárọ̀ dalẹ́. Ó ní kí òun gba èyí tí òun rí.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́, Tíṣà Àgbà ló wà lórí àga. Bàbá kan ni tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ ìdajì àwọn àgbà àdúgbò náà níwèé. Rédíò ń fi abẹ tọ́ ẹ̀gbẹ́ irun rẹ̀, ó ń sọ ìtàn, ó ń fi ọwọ́ òsì júwe. Ọwọ́ ọ̀tún yẹ̀. Abẹ wọ etí bàbá náà láti òkè, ó sì lọ jìnnà kó tó dúró. Ẹ̀jẹ̀ bo ọrùn, ó bo aṣọ funfun.

Rédíò wo etí, ó wo abẹ. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Gbogbo ọdún tí ẹ fi ń sọ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n fetí sílẹ̀, ó ṣe mí bíi kí n bá yín fi tiyín sílẹ̀ náà ni."

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pa wọ́n débi pé ẹnì kan já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Tíṣà Àgbà alára, tí ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ ṣàn sílẹ̀, ó fẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Rédíò dúró lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ oúnjẹ ọ̀sán lọ́wọ́ rẹ̀. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó fa aṣọ ìnura kan yọ, ó fi di etí bàbá náà, ó sì mú un lọ́wọ́ lọ sí ọsibítù láì wo ojú ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ délé, ìyàwó Rédíò ní, "Dádì, etí èèyàn lẹ gé."

"Wọ́n ti rán an. Ṣebí ìwọ lo mú wọn lọ."

"Ẹ gé etí bàbá arúgbó, ẹ wá fi ṣàwàdà."

"Kí ni kí n ṣe nígbà náà? Ṣé kí n máa sunkún ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ẹni tó bá wà nínú ara rẹ̀ á sunkún. Mo wò yín lójú nígbà yẹn. Mi ò rí ẹnì kankan níbẹ̀."

Rédíò wá àwàdà tí yóò fi fèsì. Ó wá a títí, kò rí i. Ẹ̀rù bà á. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ilé ìtọ́jú àwọn tí ọtí ti di bárakú fún, tó wà lẹ́yìn ọsibítù, kò jiyàn.

Ilé alájà kan ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn, bẹ́ẹ̀dì onírin wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí ju ìwọ̀n ọwọ́ lọ. Ohun tí ojú Rédíò rí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò rò ó fún ẹnikẹ́ni títí dòní. Ó làágùn débi pé wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lábẹ́ rẹ̀ bí ti ọmọ ọwọ́, ó sì mọ ẹni tó ń fọ̀ wọ́n. Ó rí aáyán lára ògiri, ó ń pa wọ́n, wọn kì í kú, torí wọn kò sí níbẹ̀. Ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, awakọ̀ akẹ́rù kan tí gbogbo wọn ń pè ní Dẹ́rẹ́bà, ló ń gbé ife omi sí i lẹ́nu, tí ń sọ pé, "Mu ún. Aáyán wọ̀nyẹn, èmi náà ti pa tèmi. Wọ́n á lọ."

Wọ́n lọ lóòótọ́. Ọkàn Rédíò balẹ̀ díẹ̀. Wọ́n wá mú un lọ jókòó láàárín àwọn yòókù nínú yàrá ńlá kan tí wọ́n to àga yípo sí. Nọ́ọ̀sì Àgbà, obìnrin kan tí ojú rẹ̀ máa ń rí bí ẹni tí kò sùn, ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ẹni tó jẹ́ àti ohun tó gbé e dé ibẹ̀. Ó kan Rédíò. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn díẹ̀. Èrò ló wà níwájú rẹ̀ yìí, ó sì ti mọ bí èèyàn ṣe ń mú èrò. Ó la ẹnu.

"M... m... m..."

Ó pa ẹnu dé. Ó tún un là. "M-m-mo..."

Àgbọ̀n rẹ̀ há. Ọrùn rẹ̀ le bí igi, iṣan yọ níbẹ̀, ojú rẹ̀ dì gbàgà. Ọ̀rọ̀ náà dúró sí ọ̀fun rẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Ẹnì kan rò pé wárápá ló gbé e, ó sì dìde. Nọ́ọ̀sì Àgbà fọwọ́ dá a padà. Dẹ́rẹ́bà kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn ń wò ó, ó ń dúró, bí ẹni tó ń dúró de ọ̀nà kó là.

Láti kékeré ni Rédíò ti ń kólòlò, ó sì ti rò pé ibi tí òun ti ṣe kékeré lòun fi í sí. Nígbà yẹn, ó lè dúró níwájú oníbúrẹ́dì títí tí ìyẹn á fi dá ẹni mẹ́ta tó dé lẹ́yìn rẹ̀ lóhùn, torí pé "búrẹ́dì" kò jáde. Nílé ìwé, bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, kíláàsì á ti máa rẹ́rìn-ín kó tó la ẹnu. Bàbá rẹ̀ a máa lu tábìlì, "Sọ ọ́! Sọ ọ́!", bí ẹni pé abẹ́ tábìlì lọ̀rọ̀ há sí. Ó wá di ọ̀dọ́kùnrin, ó lọ kọ́ṣẹ́ ìgẹrun nílùú òkèèrè, ọ̀gá rẹ̀ sì bu ọtí fún un lọ́jọ́ kan lẹ́yìn iṣẹ́. Ó mu ún. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ohùn kan tó ń sọ̀rọ̀ geere bí omi ẹ̀rọ, tí ọ̀gá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e pé ohùn òun ni. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí ohùn yẹn bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun ló fi fẹ́ ìyàwó. Òun ló fi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Òun ló fi tọ́ ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

Ó wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì onírin yìí, ó ń ro gbogbo rẹ̀. Ìtàn bàtà òsì méjì yẹn, ta ló ni ín? Ohùn ìyá arúgbó àti ajá, ta ló ń sọ ọ́? Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ ní ìdúró ọkọ̀ lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, tí obìnrin náà ṣì ń rántí, ẹnu ta ló ti jáde? Bí wọ́n bá yọ ti ìgò kúrò, kí ló kù sílẹ̀?

Ó lọ bá Nọ́ọ̀sì Àgbà. Ó pẹ́ kó tó lè bi í. "Nọ́ọ̀sì, t-t-ta ni ẹ wá ń... ẹ ń t-tọ́jú?"

Nọ́ọ̀sì Àgbà kò parọ́ fún un. "Ẹni tó bá ṣẹ́kù," ó ní. "A kì í mọ̀ ọ́n ṣáájú."

Wọ́n fún un ní sísọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ kò mú, wọ́n ní kó máa bá àwọn aláìsàn gẹrun. Ó ń gẹ̀ ẹ́ láì sọ̀rọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó fọwọ́ kan orí èèyàn láti ọjọ́ pípẹ́ tí ọkàn rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ó rí i pé orí kò dọ́gba, pé àpá wà lára ti ẹlòmíràn, pé ẹlòmíràn á mí kanlẹ̀ bí ọwọ́ bá ti kan ìpàkọ́ rẹ̀. Ìyẹn tù ú díẹ̀. Kò tù ú púpọ̀.

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti tó ọmọ tí ń wo dígí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, wá mú un. Ó fẹ́ kí wọn. Àgbọ̀n rẹ̀ há. Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, kí ló ń ṣe Dádì?"

Bẹ́ǹṣì kún lọ́jọ́ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù padà. Wọ́n pa àtẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Rédíò, gbé e sáfẹ́fẹ́!" Ó la ẹnu pé òun kí wọn káàbọ̀, "k-k-k" nìkan ló jáde. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ìtàn tuntun ló fẹ́ sọ, pé akólòlò ló wà nínú rẹ̀. Bó ṣe ń tiraka sí i ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i, tí wọ́n ń lu itan. Ó gbé ojú sókè, ó rí wọn nínú dígí, ojú wọn dà bí ojú bàbá rẹ̀ àti ti gbogbo kíláàsì ìgbà èwe rẹ̀. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ló kọ́kọ́ rí i pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ni ẹ̀rín bá dá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí iná tí wọ́n ń pa láti yàrá sí yàrá.

Wọ́n káàánú rẹ̀, wọ́n ṣì ń wá fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, àánú sú wọn. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tó sàn jù ú lọ ṣì wà níbẹ̀.

Ti ilé ló le jù. Ìyàwó rẹ̀ kò ṣe é níkà. Bí ọ̀rọ̀ bá há sí i lẹ́nu, á bá a parí rẹ̀ kí ó má baà jìyà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn ọkọ rẹ̀ kọ́ ló máa ń sọ. Bí Rédíò bá fẹ́ sọ pé "mo rántí," á ní, "Ó ti rẹ̀ yín? Ẹ lọ sùn." Bó bá fẹ́ sọ pé "ojú rẹ dára," á ní, "Ojú ń dùn yín?" Nígbà tó yá, ó rọrùn kó máa mi orí. Àwọn méjèèjì ń jẹun, ṣíbí nìkan ló ń dún. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Dádì. Ọpẹ́ ni fún pé ẹ ò mu ún mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọlé, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé àlejò ló dé. Èmi náà ti wá di irú àwọn obìnrin tí ọkọ wọn kì í bá sọ̀rọ̀."

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ọkùnrin fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ó sì pe ẹbí jọ sílé rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹbí yẹn bá péjọ, Rédíò ló máa ń sọ̀rọ̀. Wọn kò mọ ẹlòmíràn. Àwọn èèyàn kún pálọ̀, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Rédíò sá lọ sí ilé ìdáná, ó fara ti síńkì. Ìyàwó rẹ̀ wọlé tẹ̀lé e, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ife kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dádì." Kò wo ojú rẹ̀. "Ife kan yìí péré ni. Tònìí nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi ń retí yín."

Òórùn ohun tó wà nínú ife náà ti kan Rédíò kí ìyàwó rẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ dìde sí i. Ó wo ọwọ́ tó di ife mú, ọwọ́ tí omi gbígbóná àti ọṣẹ ti bó, ó sì rí i pé ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Ìgbà yẹn ló yé e. Ẹ̀gbọ́n kọ́ ló ń retí. Obìnrin yìí gan-an ni àárò Rédíò ń sọ. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń há sí i lẹ́nu láti ìgbà tó ti délé, kò sí èyí tó ti mú inú obìnrin náà dùn. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbí tí òun lè fún un.

Ó gba ife, ó mu ún.

Rédíò dé. Ó wọ pálọ̀, ó fi ohùn ọ̀gá rélùwéè kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ó sì di ariwo. Ó mú ajá wá, ó mú ìyá arúgbó wá, ó kó gbogbo wọn wọ ọkọ̀ ojú irin kan náà. Àwọn èèyàn ń yí mọ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Ọmọ rẹ̀ fò mọ́ ọn lọ́rùn, ó ní, "Dádì, ẹ ti padà dé!" Òun tó ń jẹ́ bàbá rẹ̀ ní tòótọ́ wà nínú lọ́hùn-ún, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ yàrá, tó ń gbọ́ bí ẹlòmíràn ṣe ń gbàlejò ní pálọ̀ rẹ̀. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀. Ó dùn ju gbogbo ohun tó ti gbọ́ láti ìgbà pípẹ́ lọ, kì í sì í ṣe tirẹ̀.

Kò dúró lórí ife kan. Ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí àwọn ará ilé ṣì ń sùn, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé ìtọ́jú. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn títí Nọ́ọ̀sì Àgbà fi wá ṣílẹ̀kùn. Obìnrin náà wò ó, kò bá a wí, kò sì bá a kẹ́dùn. "Ẹ wọlé," ó ní. "Ẹ ti mọ ọ̀nà."

Ẹlòmíràn ló wà ní bẹ́ẹ̀dì Dẹ́rẹ́bà. Rédíò na ìka sí i, ó fojú béèrè.

"Ó kú," Nọ́ọ̀sì Àgbà ní. "Nínú ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti bá a, ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́."

Aáyán padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó gbé omi sí i lẹ́nu.

Ìyàwó rẹ̀ wá wò ó nígbà tó ti lè jókòó. Ó sunkún, ó ní, "Èmi ni mo ṣe é. Ọwọ́ èmi yìí ni."

Rédíò mi orí pé rárá. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó rí i pé ìyàwó rẹ̀ ti la ẹnu láti bá a parí rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí i pé kó jọ̀wọ́ kó dúró. Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gba àkókò. Aláìsàn kan kọjá lọ, ó kọjá bọ̀, Rédíò kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì.

"È-è-èmi nì... nìyí," ó ní níkẹyìn. "K-kò sí ẹlò... ẹlòmíràn tó ń b-bọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Mo gbọ́," ó ní. Ó jókòó pẹ́. Kò sọ pé òun á dúró tì í. Rédíò kò sì bi í.

Nígbà tí Rédíò jáde níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n obìnrin náà. Ìjà kankan kò sí. Ọmọ náà ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, á jókòó, á máa wo fóònù rẹ̀, bó bá sì tó àkókò á ní, "Ó dàbọ̀, Dádì," kí bàbá rẹ̀ tó rí "ó dàbọ̀" tirẹ̀ sọ jáde. Ìyàwó rẹ̀ ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ nígbà mìíràn. Rédíò fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀, ó sì gba yàrá kékeré kan lójú pópó mìíràn, àga kan, dígí kan, kò kọ nǹkan kan sára ògiri. Bí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n látijọ́ bá kọjá tó sì kígbe "Rédíò!", kì í yíjú.

Àwọn tó ń wá kò pọ̀. Ọkùnrin kan tí ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ ní òru wà lára wọn, tó máa ń wá láàárọ̀ bó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n bí iná. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó ní, "Ọ̀gá, ibi méjì ni mo ti kúrò torí ariwo. Ṣé ẹ ò ní í bínú bí mo bá sùn?"

"Ẹ s-s-sùn," onígbàjámọ̀ náà dáhùn.

Ó yí àga náà kúrò lójú oòrùn. Ó gbé ẹ̀rọ ìgẹrun sí apá kan torí pé ó ń dún, ó mú sísọ́ọ̀sì. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi ń hanrun, orí rẹ̀ wúwo sínú ọwọ́ ẹni tó ń gẹ̀ ẹ́. Ní ìdajì iṣẹ́ náà ni òǹgbẹ ọtí dé bó ṣe máa ń dé, láì kan ilẹ̀kùn, tó gbá a mú láti ikùn dé ọ̀fun. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ó di ẹ̀yìn àga mú, ó dijú, ó dúró dè é kó kọjá, ó sì ń rọra mí kí ó má baà jí ọkùnrin náà.